Fèrè Tí A Kì Í Sín Jẹ

Ìyá Aránṣọ ti mọ bí èèyàn ṣe ń sùn kó fi etí kan sílẹ̀. Kì í ṣe ìkókó ló ń tọ́ o; ọkọ rẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Bàbá Olóoru á ti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á máa fi ẹsẹ̀ wá bàtà iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kó dà sórí ààtàn tipẹ́tipẹ́.

“Alábẹ́rẹ́,” á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, “ṣé fèrè ti dún?”

“Kò tíì dún, baálé mi. Ẹ padà sùn.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú? Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá máa bú mi lójú àwọn ọmọ kéékèèké o.”

“Ọ̀gá wo? Ọ̀gá tó ti kú, tí ẹ bá wọn sin, tí ẹ jẹun yó níbi òkú rẹ̀, tí ẹ tún di oúnjẹ wálé?”

Bí ara bá yá a, á rẹ́rìn-ín, á ní ẹnu ìyàwó òun mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, á sì padà dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara kò bá yá a, kò ní rẹ́rìn-ín. Á dìde, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á tẹ́tí, á máa wo òpó èéfín ilé-iṣẹ́ tó ga ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ. Bí kò bá ti gbọ́ fèrè, kò ní jáde. Ohun tó ń dáàbò bò ó nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ọkùnrin yìí gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó gbàgbé pé eyín òun ti tán, ṣùgbọ́n kò gbàgbé pé láìsí fèrè kò sí iṣẹ́. Ìyá Aránṣọ sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí fèrè yẹn bá tún dún, ọkọ òun á bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé àdúgbò yẹn rí lè ní kí ló wà nínú fèrè. Ẹ má dá mi dúró. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ni, bíríkì pupa láti ìsàlẹ̀ dókè. Láyé ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, fèrè rẹ̀ ni aago gbogbo wa. Á dún gbọọrọ láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á wọlé. Á tún dún gbọọrọ nírọ̀lẹ́, wọ́n á jáde. Ìyá tó ń na ọmọ á dáwọ́ dúró bó bá ti gbọ́ ọ, torí pé bàbá ọmọ ti ń bọ̀ nílé nìyẹn. Bàbá Olóoru ló ń tọ́jú bọ́ílà, ìkòkò irin ràgàjì tó wà nínú kòtò abẹ́ ilé, tí wọ́n fi ń se omi, tí ooru omi náà ń yí gbogbo ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ni, iṣẹ́ èéfín ni, ṣùgbọ́n bí kò bá dá iná, kò sẹ́ni tó lè hun ẹyọ òwú kan lókè, ó sì máa ń fi èyí yangàn fún àwọn ahunṣọ tó fi ara wọn ṣe ọ̀gá.

Fèrè kejì wà. Èyí kì í dún gbọọrọ. Kúkurú kúkurú ni, léraléra, bí ìgbà tí òsúkè bá ń ṣe èèyàn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, bọ́ílà fẹ́ bẹ́ nìyẹn. Gbogbo òṣìṣẹ́ á ju ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á sá jáde sí gbangba, wọ́n á dojú bolẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ sá wọlé. Olóoru ni. Òun ló máa sọ̀ kalẹ̀ lọ yí wíìlì irin tí ooru á fi ráyè jáde. Fèrè náà ti dún lójú ayé rẹ̀. Ó sá wọlé lóòótọ́, ó yí wíìlì, ilé dúró, kò sẹ́ni tó kú. Apá rẹ̀ ọ̀tún ló jìyà rẹ̀. Awọ rẹ̀ bó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ó jinná, ó hunjọ, láti ìgbà náà sì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń rán aṣọ alápá gígùn fún un, ooru ibáà mú, òjò ibáà rọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ fòfin de ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sín fèrè kúkurú jẹ, kì báà ṣe eré, kì báà ṣe àwàdà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Wọ́n ní ẹni tó bá pe ibi, ibi á jẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Aránṣọ bí ń ṣeré lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan nígbà tó wà ní kékeré, ló bá súfèé: fíì, fíì, fíì. Ìyá rẹ̀ fò dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbá a létí, ojú ọmọ ṣú.

“Kí ni mo ṣe, Màmá?”

“O ò gbọdọ̀ súfèé bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé ẹ. Ṣé o gbọ́?”

“Kí ló dé?”

“Mo ní ṣé o gbọ́!”

Ọmọ gbọ́. Kò súfèé bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló jẹ ìgbátí yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó là á yé èyíkéyìí nínú wọn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohun tí àwọn àgbà máa ń wí nìyẹn, wọ́n á sì pa ẹnu mọ́.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Aṣọ òkèèrè ló pa á. Wọ́n ti géètì pa, igi hù láàárín òrùlé, àdán gba iyàrá àwọn ahunṣọ, àwọn olè tú wáyà títí kò fi sí wáyà mọ́. Bàbá Olóoru kò ríṣẹ́ míì. Ta ló fẹ́ gba ẹni tí kò mọ̀ ju kó bọ́ iná lọ? Ó ń jókòó sílé, ó ń wo òpó èéfín tí kò rú èéfín mọ́, títí iyè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ọmọ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ó di ẹni tó ń jó irin mọ́ irin fún ẹni tó bá rí, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kì í sì í rí ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí àwọn aláṣẹ ìlú wá ní àwọn kò ní wó ilé náà, inú gbogbo wa dùn, mi ò ní parọ́. Wọ́n ní ilé àtijọ́ tó níyì ni, pé àwọn máa sọ ọ́ di ibùdó gbogbo èèyàn: ibi ìkàwé, ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àgbàlá fún eré ọmọdé, àga lábẹ́ igi fún ẹni tó bá fẹ́ sinmi. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó yàwòrán ilé náà ló ń darí iṣẹ́. Ayàwòrán ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó gba wẹ́dà wa síṣẹ́. Ọkùnrin tó ti ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin wálé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. “Màmá, mo gé àtẹ̀gùn kòtò bọ́ílà dànù lónìí,” ó ní. “Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Kòtò wá ṣófo gbáà.”

“Ilẹ̀kùn irin rẹ̀ ńkọ́?”

“A fi sílẹ̀. Ayàwòrán ní ó dáa lójú. A kàn tì í pa, tó bá yá a máa padà wá ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣí i ṣáà. Àwa géńdé gan-an, òòlù la fi ṣí i, a sì làágùn.”

Bàbá Olóoru gbójú sókè láti ibi tó jókòó sí. “A kì í fi òòlù ṣí i,” ó ní. “Ẹ fi èjìká gbé e sókè, kẹ́ ẹ tó tì í.”

Wọ́n wo ara wọn, ni ẹ̀rín bá pa wọ́n. “Ẹ wo Bàbá! Ṣé ẹ ti ń gbọ́ wa látẹ̀ẹ̀kan?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń rín.

“Ó wá ku fèrè,” ni ọmọ ní. “Wọ́n ní kí n tún un ṣe, pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló máa fọn ọ́n dípò ooru bọ́ílà. Ọjọ́ ìṣílé la máa fọn ọ́n. Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe wú, Màmá! Fèrè tí Bàbá fi ayé rẹ̀ gbọ́, ọwọ́ tèmi ni wọ́n máa ti tún gbọ́ ọ.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń dán. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wé gèlè, ó bọ́ sọ́nà ilé-iṣẹ́.

Inú yàrá tí wọ́n ti ń sanwó fún òṣìṣẹ́ láyé àtijọ́ ni Ayàwòrán wà, àwòrán ilé kún gbogbo ògiri. Ó dìde, ó fún un ní àga. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ẹ má jẹ́ ká bú u.

“Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀,” ni Ìyá Aránṣọ wí. “Ẹ má fọn fèrè yẹn. Ọkọ mi ti ń ṣarán. Bó bá gbọ́ ọ láàárọ̀ kan tí mi ò sí nítòsí, á bọ́ sọ́nà iṣẹ́, mọ́tò á gbá a, tàbí kó rìn lọ títí a ò fi ní rí i mọ́. Fèrè tí kò dún ni mo fi ń dè é mọ́lé.”

Ayàwòrán fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. “Bí màmá màmá mi ṣe ṣe nìyẹn kí wọ́n tó lọ,” ó ní. “Mi ò lè ní ká má fọn ọ́n rárá, Màmá, gbogbo ìlú ti ń retí ẹ̀. Àmọ́ mo ṣèlérí: kò ní dún láàárọ̀ láéláé. Ọ̀sán ọjọ́ ìṣílé nìkan ni. Iwájú pátápátá ni ẹ̀yin àti Bàbá máa jókòó sí, kẹ́ ẹ lè dì wọ́n mú. Á dún lẹ́ẹ̀kan, ó tán.”

“Gbọọrọ?”

“Gbọọrọ.”

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá Aránṣọ la ẹnu láti sọ ìyókù. Ó fẹ́ ní, ẹ má jẹ́ kó dún kúkurú o, nítorí bó bá dún kúkurú, mi ò ní lè dì í mú. Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì láti ìgbà èwe, ṣé ilé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kùn lọ́dà ló máa wá dúró sí kó máa pe ibi? Ó gbé e mì. Ó dúpẹ́, ó lọ sílé, ó sì rò pé òun ti ṣẹ́gun.

Ó rán aṣọ tuntun fún ọkọ rẹ̀, aláwọ̀ sánmà, apá rẹ̀ gùn dé ọwọ́. Nígbà tí bàbá náà wọ̀ ọ́ tán lọ́jọ́ ìṣílé, ó yí wò nínú dígí. “Alábẹ́rẹ́, ta ló ń gbéyàwó?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ ò rí i pé mi ò lè gbójú kúrò lára yín mọ́?”

Èrò kún àgbàlá náà fọ́fọ́. Wọ́n ti fọ bíríkì, ó pọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n. Àwọn ọmọdé ń sá kiri, àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ jókòó ní ẹgbẹ́ kan nínú aṣọ ìmúròde, wọ́n ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ juwọ́ síra wọn. Ilẹ̀kùn irin ti bọ́ílà wà ní iwájú wọn gan-an, wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n so òdòdó mọ́ ọn. Wẹ́dà wa wà lórí òrùlé lẹ́bàá òpó èéfín, ṣéènì fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó juwọ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ juwọ́ padà pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ìkejì wà ní apá aṣọ ọkọ rẹ̀.

Fèrè dún. Gbọọrọ. Ẹyẹlé fò lórí òrùlé. Bàbá Olóoru nà dìde ṣánṣán.

“Ó ti dún,” ó ní.

“Ti ìrọ̀lẹ́ ni, baálé mi. Iṣẹ́ ti parí. Ẹ jókòó.”

Ó rò ó. Ó wo oòrùn. “Ti ìrọ̀lẹ́ ni lóòótọ́,” ó ní, ó sì jókòó, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ tó rẹ̀ ẹ́. Omi bọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ṣeun. Ó ti parí, ó ti tán, wọ́n á lọ sílé.

Àwọn ọmọdé ló dá a sílẹ̀, ta ló fẹ́ dá ọmọdé lẹ́bi? “Ẹ tún un fọn! Ẹ tún un fọn!” Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fò sókè, àwọn àgbà náà bá wọn dá sí i. Wẹ́dà wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń kí i. Ẹni tí wọ́n máa ń kọjá lára rẹ̀ bí igi ẹ̀bá ọ̀nà, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lẹ́nu wọn. Inú rẹ̀ dùn, ó di ṣéènì mú, ó fẹ́ fi dá wọn lára yá. Ó fà á, ó dá a dúró, ó fà á, ó dá a dúró.

Fíì. Fíì. Fíì. Fíì.

Yéè! Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ fọ́n ká lórí ìjókòó wọn. Arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn ju ọ̀pá nù. Wọ́n ń fa ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ sá lọ sẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń dojú bolẹ̀ nínú aṣọ ìmúròde wọn, wọ́n fi ọwọ́ bo orí. Èrò sì ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò wọn. Wọ́n rò pé eré orí ìtàgé ni wọ́n ṣètò sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọrí síbòmíràn. Ojú Bàbá Olóoru mọ́ kedere, ìyàwó rẹ̀ kò rí ojú yẹn láti ọdún pípẹ́. “Alábẹ́rẹ́, sá jáde!” ó ní. Ó rántí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́, ó rántí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ìyá Aránṣọ di apá aṣọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Kò sí bọ́ílà mọ́! Kò sí àtẹ̀gùn! Bàbá, kò sí àtẹ̀gùn!”

Apá aṣọ náà já. Òun ló rán an, ọwọ́ rẹ̀ ló sì kù sí. Ó rí apá ọkọ rẹ̀ tó hunjọ nínú oòrùn, ó rí i tó gbé èjìká sí abẹ́ ilẹ̀kùn irin. Ilẹ̀kùn tí àwọn géńdé fi òòlù jà fún gbera bí ẹni pé ó ti ń dúró dè é. Ó tì í. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn tí ọmọ rẹ̀ ti gé.

Wẹ́dà ni wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Kò gbà kí ẹlòmíì lọ. Ẹ̀mí ṣì wà lára bàbá náà díẹ̀. Ó nawọ́ sí ibi tí wíìlì máa ń wà, ọwọ́ rẹ̀ ń yí afẹ́fẹ́.

“Bàbá, èmi ni. Ọmọ yín ni.”

Bàbá náà wò ó, kò mọ̀ ọ́n. “Ṣé gbogbo wọn ti jáde?”

“Wọ́n ti jáde, Bàbá. Gbogbo wọn ti jáde.”

“Ìwọ náà jáde,” ó ní. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

A sin ín. Ayàwòrán wá, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Aránṣọ, ó sunkún títí ẹkún fi gbé e lóhùn. Wọ́n mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà kòtò. Lẹ́yìn náà, èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lábẹ́ igi nínú àgbàlá, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń tayò; ibi tó dáa ni, kò sírọ́ ńbẹ̀. Wẹ́dà kò tún fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sí ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, ìyá rẹ̀ á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, oúnjẹ á tutù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Màmá, ẹ gbá mi létí nígbà yẹn. Mo bi yín ní ìdí.”

Ìyá rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ kíkankíkan, bí ẹni tí aṣọ ń jẹ níyà.

Ohun tó wá burú jù ni pé gbogbo ọmọ àdúgbò ti kọ́ ọ. Fèrè ọjọ́ ìṣílé ti di eré wọn. Wọ́n á súfèé rẹ̀ lójú pópó, apá kan á sá, apá kan á dojú bolẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan bá ń kọjá, á fọ́ èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ létí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ láìsọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin wẹ́dà ń ṣeré lẹ́yìnkùlé ìyá bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ló bá ṣu ẹnu jọ, ó súfèé. Fíì, fíì, fíì.

Bàbá rẹ̀ fò dìde, ó gbọ́wọ́ sókè. Ìyá Aránṣọ ti débẹ̀ kí ọwọ́ tó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dì í mú pẹ̀lú agbára tí kò ní lọ́jọ́ ìṣílé.

“Má gbá a,” ó ní. “Sọ fún un.”

Ọkùnrin náà ya ẹnu. Omijé ló ṣíwájú ọ̀rọ̀. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá bàbá rẹ̀.

“Kí ni mo ṣe? Kí ló dé?”

Ìyá Aránṣọ fà á jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nu ẹnu rẹ̀ fún un, ó sì dá a lóhùn.